Àwọn Nọ́ńbà Àpọ́n

Ẹ̀gbọ́n màmá mi ń ta ìwé ìròyìn ní Kẹtú, lẹ́bàá ọ̀nà Ìkòròdú. Ní àárọ̀ Sátidé, èmi ni mo máa ń jókòó ti tábìlì wọn nígbà tí wọ́n bá lọ gba owó lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ń gbé ìwé fún ládùúgbò. Àwọn tó ń rà á kò pọ̀. Àwọn tó ń dúró kà á lọ́fẹ̀ẹ́ ló pọ̀: awakọ̀, aláàárù tó ń bọ̀ láti Máìlì 12, òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì, àti ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì. Wọ́n á ka àkọlé, wọ́n á jiyàn lórí bọ́ọ̀lù, wọ́n á bá ìjọba wí, wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Bàbá Tíṣà nìkan ni kì í bá wọn jiyàn. Wọ́n máa ń ra tiwọn ni, wọ́n á ṣí i sí ẹ̀yìn níbi tí sudoku wà, wọ́n á sì yọ pẹ́ńsù àti kílínà jáde látinú àpò bùbá wọn. Ìṣirò ni wọ́n fi gbogbo ayé wọn kọ́ àwọn ọmọ ní Ìkòsì kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì.

Lọ́jọ́ kan lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní kí n gbìyànjú èyí tó le jù nínú ìwé náà. Mo parí rẹ̀ kí tíì wọn tó tutù. Mo ń retí ìyìn. Wọ́n wò ó, wọ́n gbé ìka lé 7 kan ní àárín, wọ́n ní, “Báwo lo ṣe mọ̀ pé 7 ló ń gbé ibí?”

Mo ní, “Mo kàn dán an wò ni, sà, ó sì bọ́ sí i.”

Wọ́n mú kílínà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí 7 yẹn, wọ́n pa gbogbo iṣẹ́ mi rẹ́. “Tún un ṣe,” ni wọ́n wí.

Ì bá má dùn mí tó bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nílé ìwé lọ́sẹ̀ kan náà. A ṣe ìdánwò ìṣirò, mo gba 9 nínú 10, ṣùgbọ́n ìdáhùn nìkan ni mo kọ, n kò kọ bí mo ṣe ṣe é. Wọ́n ní mo jí i wò ni. Wọ́n fún mi ní òdo, wọ́n sì ní kí n mú òbí mi wá. Màmá mi fi apẹ̀rẹ̀ tàtàṣé wọn sílẹ̀ fún alájọṣe wọn ní Máìlì 12, wọ́n wá, wọ́n bẹ̀bẹ̀, wọ́n sì gbà fún mi pé kí n tún ìdánwò náà ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí à ń lọ sílé, wọ́n bi mí bóyá lóòótọ́ ni mo jí i wò. Mo ní rárá, mà. Wọ́n ní, “Kí ló dé tí o kò wá lè sọ bí o ṣe ṣe é?” Ẹnu méjì ni ìbéèrè kan náà ti jáde láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ wádìí ibi tí eré yìí ti wá, àti oríṣiríṣi ọ̀nà tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ń gbà tú èyí tó le.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ẹ fi ojú inú wo ilé oníyàrá kọjúsíra tó pọ̀ ní Kọ́sọ́fẹ́ níbí. Yàrá 81 ló wà nínú sudoku: ìlà ìbú 9, ìlà òòró 9. A tún pín in sí ilé 9, tí ilé kọ̀ọ̀kan ní yàrá 9. Àwọn nọ́ńbà láti 1 dé 9 ni ayálégbé. Nọ́ńbà kan náà kò gbọdọ̀ wà lẹ́ẹ̀mejì nínú ìlà ìbú kan, tàbí ìlà òòró kan, tàbí ilé kan. Wọ́n ti fi àwọn kan sínú yàrá wọn kí ìwé tó dé ọwọ́ rẹ. Iṣẹ́ tìrẹ ni láti wá yàrá fún àwọn tó kù.

Mo ti rò pé àwọn ará Japan ló dá a sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ará Amẹ́ríkà kan, Howard Garns, ayàwòrán ilé tó ti fẹ̀yìn tì ní ìpínlẹ̀ Indiana, ni a gbà pé ó ṣe é. Ilé iṣẹ́ Dell tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1979, Number Place ni wọ́n sì pè é. Garns kú ní 1989, láìmọ̀ pé eré òun yóò kárí ayé. Ní 1984, ilé iṣẹ́ Nikoli ní Japan gbé e jáde lédè tiwọn. Maki Kaji tó wà lórí iṣẹ́ náà fún un ní orúkọ gígùn kan tó túmọ̀ sí pé àpọ́n ni kí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan jẹ́. Wọ́n gé orúkọ náà kúrú sí sudoku. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ka èyí, torí ní Kẹtú, yàrá wo ni lándílọ́ọ̀dù máa ń fẹ́ fún àpọ́n?

Wayne Gould, ọmọ New Zealand tó ti ṣe adájọ́ ní Hong Kong, rí ìwé sudoku kan ní ilé ìtàwé ní Tokyo ní 1997. Ọdún mẹ́fà ló fi kọ ètò kọ̀ǹpútà tó lè máa ṣe eré náà fúnra rẹ̀. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ìwé ìròyìn The Times ní London, wọ́n sì tẹ èyí àkọ́kọ́ ní November 12, 2004. Kí 2005 tó parí, ìwé ìròyìn káàkiri ayé ti ń tẹ̀ ẹ́.

Ṣùgbọ́n kíkó nọ́ńbà sínú yàrá ti wà ṣáájú Garns, ara rẹ̀ sì wà nítòsí wa. Alfa tó ń kọ́ àbúrò mi ní kéwú fi ọ̀kan hàn mí: yàrá 9 péré, 4, 9, 2 lókè, 3, 5, 7 láàárín, 8, 1, 6 nísàlẹ̀. Bí o bá ro ó ní ìbú, ní òòró, tàbí láti igun dé igun, 15 ni yóò máa jẹ́. Àwọn alfa ti ń kọ irú rẹ̀ sínú tírà tipẹ́. Ọmọ Katsina kan, Muhammad ibn Muhammad al-Fullani al-Kishnawi, kọ ìwé lórí rẹ̀ ní èdè Lárúbáwá ní nǹkan bí 1732. Ó ti lọ sí Mẹ́kà, ó sì wá ń gbé ní Cairo, níbi tó kú sí ní 1741. Kì í ṣe pé ó kàn to nọ́ńbà jọ: ó ṣàlàyé ìlànà tí ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ lé láti ṣe èyí tí iye ìlà rẹ̀ kò ṣeé pín sí méjì, bíi 5 tàbí 7, ó sì gba akẹ́kọ̀ọ́ níyànjú pé kó má jẹ́ kó sú òun. Inú mi dùn sí ìyẹn ju ohun tó kù lọ. Ó kọ bí ó ṣe ṣe é sílẹ̀.

Lóòótọ́, ti al-Kishnawi kì í ṣe sudoku. Àròpọ̀ ni òfin tirẹ̀. Nínú sudoku, kò sí ohun tí à ń rò pọ̀. Bí ẹ bá fi rodo, tàtàṣé, ṣọ̀mbọ̀, tòmátì, àlùbọ́sà, iṣu, ànàmọ́, kárọ́ọ̀tì àti kábéèjì rọ́pò 1 dé 9, eré náà kò ní yí padà rárá. Leonhard Euler, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Switzerland, ló kọ ìwé tó lókìkí lórí irú títò yìí ní 1782. Ó béèrè bóyá a lè to ọ̀gágun 36, láti ẹgbẹ́ ọmọ ogun 6, tí ipò wọn jẹ́ oríṣi 6, sínú ìlà 6 lọ́nà 6, kí ẹgbẹ́ kan tàbí ipò kan má ṣe wà lẹ́ẹ̀mejì nínú ìlà kankan. Ó ní kò ṣeé ṣe, ó sì méfò pé bẹ́ẹ̀ náà ni yóò rí fún 10, fún 14, àti fún gbogbo irú wọn. Gaston Tarry, òṣìṣẹ́ ìjọba Faransé ní Algeria, yẹ gbogbo ọ̀nà tó wà fún 6 wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bí 1900: òótọ́ ni Euler sọ nípa 6. Ṣùgbọ́n ní 1959, Bose, Shrikhande àti Parker fi hàn pé fún 10, ó ṣeé ṣe. Euler, nínú gbogbo ènìyàn! Mo gé ibí yìí lọ ka fún Bàbá Tíṣà. Wọ́n kàn mi orí ni.

Ó wá ku bí a ṣe ń tú u. Àwọn tó rọrùn kò gba àlàyé: bí nọ́ńbà 8 bá ti wà nínú ìlà, ẹni kẹsàn-án ni yóò gba yàrá tó kù. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ju pẹ́ńsù sílẹ̀ ni ìgbà tí kò sí yàrá kan tó hàn gbangba mọ́.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ tí Bàbá Tíṣà kọ́ mi ni èyí tí wọ́n ń pè ní X-Wing, orúkọ ọkọ̀ òfuurufú kan nínú fíìmù Star Wars. Ká ní 7 ni à ń wá. Nínú ìlà ìbú kejì, yàrá kẹta tàbí ìkẹjọ nìkan ni ó lè wọ̀. Nínú ìlà ìbú kẹfà, yàrá kẹta tàbí ìkẹjọ náà ni. Bí 7 ti ìlà kejì bá gba yàrá kẹta, ti ìlà kẹfà gbọ́dọ̀ gba ìkẹjọ. Bí ó bá sì jẹ́ ìdàkejì, bákan náà ni. A kò tíì mọ ibi tí ẹnikẹ́ni nínú wọn yóò sùn, síbẹ̀ a ti mọ̀ pé ìlà òòró kẹta àti ìkẹjọ ti ní 7 tiwọn. Nítorí náà, kí a lé 7 kúrò nínú gbogbo yàrá mìíràn tó wà nínú ìlà òòró méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ ìlà mẹ́ta ló pàdé ìlà mẹ́ta, Swordfish ni wọ́n ń pè é, ọgbọ́n kan náà sì ni.

XY-Wing yàtọ̀. Yàrá kan lè gba 2 tàbí 5 nìkan. Nínú ìlà ìbú rẹ̀, yàrá kan wà tó lè gba 2 tàbí 9. Nínú ìlà òòró rẹ̀, òmíràn wà tó lè gba 5 tàbí 9. Bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ 2, ẹnì kejì di 9. Bí ó bá jẹ́ 5, ẹnì kẹta di 9. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì yóò jẹ́ 9 dandan, nítorí náà yàrá tí ó bá wà níbi tí ìlà àwọn méjèèjì ti pàdé kò lè jẹ́ 9 láéláé. X-Wing ń tẹ̀ lé nọ́ńbà kan káàkiri ọ̀pọ̀ yàrá; XY-Wing ń wo nọ́ńbà mẹ́ta nínú yàrá mẹ́ta. Mo lè wá X-Wing nígbà tí mo bá wà ní ìdúró nínú bọ́ọ̀sì BRT. XY-Wing ń fẹ́ tábìlì, torí o gbọ́dọ̀ ti kọ gbogbo ẹni tó lè gbé yàrá kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní kékeré.

Ọ̀kan wà tí èmi àti Bàbá Tíṣà kò fẹnu kò lé lórí. Bí yàrá mẹ́rin bá wà nínú ìlà ìbú méjì, ìlà òòró méjì àti ilé méjì péré, tí 4 àti 8 nìkan sì lè gbé inú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àwọn méjèèjì lè gba ipò ara wọn, ìdáhùn yóò sì di méjì. Ìdáhùn kan ṣoṣo ló yẹ kí sudoku tó péye ní. Nítorí náà, bí mẹ́ta nínú wọn bá ti jẹ́ 4 àti 8, ẹnì kẹrin kò gbọdọ̀ jẹ́ 4 tàbí 8. Ó yára, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Bàbá Tíṣà ní ìgbẹ́kẹ̀lé nínú ẹni tó ṣe eré náà lo fi ń tú u, kì í ṣe ojú ara rẹ. Mo rò pé wọ́n jàre.

Èyí tó kù ni tèmi ti tẹ́lẹ̀: dán an wò. Mo ti fẹ́ sọ pé ọ̀nà ọ̀lẹ ni, àfi ìgbà tí mo rí i pé ohun tí ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà ń ṣe nìyẹn. Yóò fi nọ́ńbà kan sí i, yóò tẹ̀ síwájú, bí ó bá kọlu ògiri, yóò padà sẹ́yìn gbé òmíràn. Ní 2012, Gary McGuire àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Dublin fi irú ipá bẹ́ẹ̀ fi hàn pé nọ́ńbà 17 ló kéré jù tí a lè kọ́kọ́ fi sínú sudoku kí ìdáhùn rẹ̀ má ju ọ̀kan lọ. Wọ́n ní láti yẹ sudoku 5,472,730,538 tó ti kún wò. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà náà ju mílíọ̀nù 7 wákàtí lọ.

Mo gbé èyí lọ bá Bàbá Tíṣà bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ. “Ẹ wò ó, sà. Àwọn náà dán an wò ni.”

Wọ́n ronú díẹ̀. Wọ́n ní, “Ṣé wọ́n kọ èyí tí wọ́n ti yẹ̀ wò sílẹ̀?”

“Wọ́n ní ètò tí kò jẹ́ kí wọ́n fo ọ̀kankan, sà.”

“Ìwọ ńkọ́, lọ́jọ́ 7 ọjọ́ yẹn?”

N kò fèsì.

Nígbà tí mo tún ìdánwò ilé ìwé ṣe, mo kọ gbogbo ìgbésẹ̀ sílẹ̀ títí ìwé fi kún. 7 nínú 10 ni mo gbà, kò tó ti àkọ́kọ́. Ibi tí mo ti ń kọ ọ́ ni mo ti rí i pé méjì nínú àwọn tí mo gbà tẹ́lẹ̀, oríire ló ṣe é. Màmá mi wo ìwé náà lójú ewé méjèèjì, bí wọn kò tilẹ̀ mọ ohun tó wà níbẹ̀, wọ́n sì fi í sínú àpò tí wọ́n ń kó owó ọjà sí.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo bá Bàbá Tíṣà lẹ́nu sudoku kan, tíì wọn ti tutù pátápátá. Wọ́n ti di mọ́ ibì kan láti aago mẹ́jọ. Mo wo ìlà kẹrin àti ìkẹsàn-án, mo tọ́ka sí 9 kan. Wọ́n gbójú sókè.

“Báwo lo ṣe mọ̀?”

Mo fa bẹ́ǹṣì súnmọ́ wọn, mo sì gba pẹ́ńsù.