Ààlà Ọjọ́ Ìbí ní Wélsì: Shingles àti Iyè Ríra
Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2013, Wélsì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn arúgbó ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà shingles, ìyẹn iléròrò tó máa ń sú sí ẹ̀gbẹ́ kan ara, tí oró rẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn sùn. Abẹ́rẹ́ náà kò tó kárí, ni wọ́n bá pààlà. Ẹni tí wọ́n bí ní ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án 1933 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ yóò rí i gbà nígbà tó bá kàn án. Ẹni tó dàgbà jù ú lọ, bó ṣe ọjọ́ kan péré, ti pàdánù rẹ̀ títí ayé. Òfin akọ̀wé lásán ni, àmọ́ lójú tèmi, ó kọ́ wa nípa iyè ríra tí àwọn dókítà ń pè ní dementia ju ọ̀pọ̀ ìwádìí tí wọ́n dìídì gbé kalẹ̀ lọ.

Ìfura pé fáírọ́ọ̀sì tó ń fa shingles lè wà nídìí iyè ríra ní ìtàn. Edgar Hope-Simpson, dókítà ní ìlú kékeré Cirencester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ọdún 1947 sí 1962 kọ àwọn aláìsàn rẹ̀ tí shingles mú sílẹ̀. Ó rí i pé àrùn náà kì í bá ìgbà tí ṣíkìnpọ́ọ̀sì ń jà rìn. Ọjọ́ orí ló ń bá rìn. Ní 1965 ó là á mọ́lẹ̀ pé àwọn èèyàn yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o: fáírọ́ọ̀sì ṣíkìnpọ́ọ̀sì ìgbà èwe wọn ló sá pamọ́ sí ìdí iṣan ìmọ̀lára, tó ń dúró de ọjọ́ tí agbára ara yóò rẹ̀. Ohun tó lè fi àádọ́ta ọdún lúgọ sínú iṣan, ta ló máa dá àwọn tó ń béèrè bóyá ó ń dé ọpọlọ lẹ́bi?

Ìdáhùn ló ṣòro. Ní Táíwàn, àwọn olùwádìí rí i pé iyè ń ra àwọn tí shingles ti mú rí, pàápàá èyí tó kan ojú, ju àwọn yòókù lọ. Ní Dẹ́ńmákì, ìwádìí 2022 kò rí irú rẹ̀. Lóòótọ́, iyè kì í ra àwọn tó gba abẹ́rẹ́ tó bó ṣe ń ra àwọn tí kò gbà á, àmọ́ ẹni tó ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ gba abẹ́rẹ́ náà ló sábà máa ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, tó ń ṣọ́ ohun tó ń jẹ. Ibi tí ààlà Wélsì ti wúlò nìyí. Kí ni ìyàtọ̀ ẹni tí wọ́n bí ní ìparí oṣù kẹjọ 1933 sí ẹni tí wọ́n bí ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e? Kò sí, àfi abẹ́rẹ́: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó gbà á nínú àwọn ti ìṣáájú, nígbà tí nǹkan bí 47 nínú 100 gbà á nínú àwọn ti ẹ̀yìn. Ikọ̀ Pascal Geldsetzer ní Yunifásítì Stanford tọpa wọn fún ọdún méje nínú ìwé àkọsílẹ̀ ìlera, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde nínú Nature ní 2025: abẹ́rẹ́ náà dín iyè ríra kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún.

Dẹ́ńmákì kò fi bẹ́ẹ̀ ta ko èyí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo àgbà ibẹ̀ ló ru fáírọ́ọ̀sì náà, yálà ó sú sí wọn lára tàbí kò sú, nítorí náà kì í ṣe àwọn tó ru ú àti àwọn tí kò ru ú ni ìwádìí náà fi wéra. Àtakò tó le jù ni pé abẹ́rẹ́ náà lè máa ta gbogbo agbára ara jí, láìjẹ́ pé fáírọ́ọ̀sì yìí gan-an ni ọ̀daràn. Pé obìnrin jàǹfààní rẹ̀ ju ọkùnrin lọ ní Wélsì sì bá àtakò yìí mu. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ẹjọ́ fáírọ́ọ̀sì kò tíì parí. Abẹ́rẹ́ ni ẹ̀rí ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ fún. Àmọ́ Zostavax ni abẹ́rẹ́ tí wọ́n lò nígbà náà, Shingrix sì ti rọ́pò rẹ̀ ní Britain láti oṣù kẹsàn-án 2023. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é yàtọ̀, òun náà sì gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí tirẹ̀.