Ta Ni Yóò Kọ́kọ́ Rí Ibi Tí Ògiri Ti Lanu?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Gbogbo wa la mọ òwe yìí. Ohun tí òwe náà kò sọ fún wa ni ẹni tó yẹ kó máa wá ibi tí ògiri ti lanu kiri, àti ẹni tó yẹ kó sọ fún bí ó bá rí i. Ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ti ń jiyàn lé lórí láti ìgbà tí wọn kò tíì bí mi. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ fi ìtàn hàn pé ẹni tó ń wá ihò lára ògiri kì í ṣe ọ̀tá onílé, àti pé wíwá ihò nìkan kò tó.

Ní ọjọ́ 2 oṣù November, ọdún 1988, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Cornell kan ní Amẹ́ríkà, Robert Morris, tú ètò kọ̀ǹpútà kan sílẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ètò náà ń ṣe ẹ̀dà ara rẹ̀, ó sì ń ti orí kọ̀ǹpútà kan bọ́ sórí òmíràn bí iná tó ràn mọ́ pápá lákòókò ọyẹ́. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 6,000 kọ̀ǹpútà ló ràn, nígbà tí gbogbo èyí tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ju nǹkan bí 60,000 lọ. Kò fọ́ ilẹ̀kùn kankan. Àléébù inú ètò tó ń gbé lẹ́tà kiri àti ọ̀rọ̀ aṣínà tó rọrùn láti mọ̀ wà lára ohun tó bá wọlé. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ni kọ̀ǹpútà náà kò mọ̀ pé ilé àwọn ṣí sílẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni Dan Farmer, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Purdue, àti olùkọ́ rẹ̀, Gene Spafford, gbé ètò kan jáde tí wọ́n pè ní COPS. Inú kọ̀ǹpútà tí wọ́n bá gbé e sí ló ń yẹ̀ wò, bí ẹni tó ń tú yàrá ara rẹ̀. Ní ọdún 1993, Farmer àti Wietse Venema, ará Netherlands, kọ ìwé kan tó sọ pé ẹni tó bá fẹ́ dáàbò bo nẹ́tíwọọ̀kì rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró síta kó wò ó bí olè ṣe ń wò ó. Lójú tèmi, ohun tí onílé ọlọ́gbọ́n ń ṣe nìyẹn: kó tó sùn, á yí ilé po, á máa fọwọ́ ti fèrèsé kọ̀ọ̀kan wò.

Àwọn méjèèjì sọ ọ̀rọ̀ náà di iṣẹ́. Ní ọjọ́ 5 oṣù April, ọdún 1995, wọ́n gbé ètò SATAN jáde lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé. Láti òkèèrè ló ti ń kan ilẹ̀kùn kọ̀ǹpútà, tí á sì kọ àwọn ihò tó bá rí sílẹ̀. Ariwo ta. Iṣẹ́ tí Farmer ń ṣe ní Silicon Graphics bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ètò yìí. Orúkọ náà pàápàá ń ba àwọn kan lẹ́rù, nítorí náà wọ́n fi irinṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ repent sí i, èyí tó ń sọ SATAN di SANTA!

Ọ̀rọ̀ àwọn tó bẹ̀rù kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ọ̀bẹ tí ìyá wa fi ń gé ẹ̀fọ́, olè náà lè mú un. Ṣùgbọ́n àjálù tí wọ́n ń retí kò dé. Ohun tó hàn ni pé ilé tó lanu pọ̀. Ní ọdún 1996, Farmer yẹ ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì bí 1,700 wò láti ìta, àwọn bánkì àti ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn wà lára wọn. Ó rí i pé ó lé ní 60 nínú 100 wọn tí olè lè wọ̀. Kò gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn kó tó ṣe é, mi ò sì lè gbè é lẹ́yìn lórí ìyẹn. Ẹni tó bá máa ti fèrèsé onílé wò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kágò. Síbẹ̀, òtítọ́ ni ohun tó rí.

Ní ọdún 1998, Renaud Deraison, ọ̀dọ́ ará Faransé kan, bẹ̀rẹ̀ ètò Nessus, tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ṣì ń lò dòní. Ní ọdún 1999, àjọ MITRE gbé ìwé orúkọ CVE jáde. Ṣáájú ìgbà náà, ihò kan ṣoṣo lè ní orúkọ mẹ́ta lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ mẹ́ta, bí ọmọ tí bàbá, ìyá àti ìyá àgbà sọ lórúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. CVE fún ihò kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ ayẹ̀wò ti ní ìlànà: kó mọ kọ̀ǹpútà tó wà nílé, kó bi ọ̀kọ̀ọ̀kan léèrè ètò tó ń lò, kó fi ìdáhùn wé ìwé ihò, kó sì ròyìn fún ẹni tí yóò dí i.

Ṣé ọ̀rọ̀ ti wá parí nìyẹn? Rárá o. Equifax jẹ́ ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń kó ìtàn gbèsè àwọn ènìyàn jọ. Ní ọjọ́ 7 oṣù March, ọdún 2017, ìkéde jáde pé ihò ńlá wà nínú ètò Apache Struts, oògùn rẹ̀ sì ti wà. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, Equifax ní kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dí i láàárín wákàtí 48. Ní ọjọ́ 15, wọ́n ṣe àyẹ̀wò. Àyẹ̀wò náà ní kò sí nǹkan kan. Fódà òkè nìkan ló wò. Kò dé fódà inú tí Struts wà. Láti àárín oṣù May títí di òpin oṣù July, olè ń wọlé, ó ń jáde. Nǹkan bí mílíọ̀nù 147 ènìyàn ni ọ̀rọ̀ náà kàn: orúkọ wọn, ọjọ́ ìbí wọn, nọ́ńbà tí ìjọba fi mọ̀ wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fi ọwọ́ ara wọn kó nǹkan kan fún Equifax rí.

Ibí yìí ni ìtàn náà ti kàn mí. Kí ọmọ ilé-ìwé tó lè forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò JAMB lónìí, ó gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà NIN. Orúkọ mi, ọjọ́ ìbí mi, ìtẹ̀ka mi àti àwòrán ojú mi wà nínú kọ̀ǹpútà tí mi ò ní fojú rí láéláé. Mi ò lè yí ilé náà po lálẹ́ láti ti fèrèsé rẹ̀ wò. Ẹlòmíràn ló ń bá mi ṣe é.

Nítorí náà, bí ilé-iṣẹ́ kan bá sọ pé àwọn ti ṣe àyẹ̀wò, kò yẹ kí a tètè pàtẹ́wọ́. Ìbéèrè mẹ́ta ló yẹ ká bi wọ́n: Ṣé gbogbo yàrá lẹ wò? Ta lẹ fún ní ìwé àbájáde rẹ̀? Ọjọ́ wo ló dí ihò náà? Equifax kò ní ìdáhùn tó dára sí ìbéèrè àkọ́kọ́, nígbà tó sì fi máa di oṣù July 2019, ó ti gbà láti san ó kéré tán mílíọ̀nù 575 dọ́là.