Ìwé Kíkà Nítorí Eré: Bí Ṣíṣe Eré Fídíò Ṣe Di Ẹ̀kọ́ Ilé-Ìwé Gíga

Ọmọ tí ó bá yege ìdánwò bac, tí ó wá sọ fún òbí rẹ̀ pé òun fẹ́ lọ kọ́ bí a ṣe ń ṣe eré fídíò, kò ní ṣàì gbọ́ ọ̀rọ̀. Baba yóò ní: “Ṣé eré ni kí n tún fi owó oko rán ọ lọ kọ́?” Ìbéèrè náà kì í ṣe ti òpè. Kò tíì pẹ́ rárá tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn rẹ̀.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ kò kọ́ ọ ní kíláàsì kankan. Ní ọdún 1962, Steve Russell àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní MIT, ní Amẹ́ríkà, ṣe Spacewar! sórí PDP-1, kọ̀ǹpútà tí ó tóbi bíi kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà tí Atari gbòde lẹ́yìn ọdún 1977, ẹnì kan ṣoṣo lè jókòó kọ odidi eré láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ilé-iṣẹ́ náà kì í tilẹ̀ fi orúkọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ sára ọjà. Ìyẹn, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ owó, ni mẹ́rin nínú wọn fi bínú kúrò, tí wọ́n sì wà lára àwọn tí ó dá Activision sílẹ̀ ní ọdún 1979.

Ohun tí ó yí ọ̀ràn padà ni ìgbà tí àwòrán ojú ẹ̀rọ kò pẹlẹbẹ mọ́, tí ó di ohun tí a lè yí ká bí ẹní yí ilé ká. Nintendo 64, tí ó jáde ní ọdún 1996, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ tí ó mú ìyẹn wọ inú ilé. Bí ẹni inú eré bá fò, kọ̀ǹpútà ní láti ṣírò ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà, ibi tí òjìji rẹ̀ bọ́ sí, àti ohun tí yóò kọlù, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìmọ̀ àbínibí kò tó mọ́.

Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń múra sílẹ̀ ṣáájú ìgbà náà. Claude Comair dá DigiPen sílẹ̀ ní Vancouver, ní Kánádà, ní ọdún 1988, gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́ tí ń fi kọ̀ǹpútà ṣe àwòrán tí ń rìn. Iṣẹ́ pọ̀ ju òṣìṣẹ́ lọ. Wọ́n wá ṣe ohun tí ọ̀gá alágbẹ̀dẹ ń ṣe bí iṣẹ́ bá pọ̀ jù fún un: wọ́n gba ọmọṣẹ́. Ní ọdún 1990 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní iṣẹ́ àwòrán. Wọ́n tọ Nintendo ti Amẹ́ríkà lọ pé kí àwọn jọ dá ẹ̀kọ́ eré sílẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ sì wọlé ní ọdún 1994. Ní ọdún 1996, ìpínlẹ̀ Washington fún wọn láṣẹ láti fi oyè jíǹkí ènìyàn. Wọ́n ṣílẹ̀kùn ní Redmond, ìlú tí Nintendo ti Amẹ́ríkà wà, ní ọdún 1998.

Orúkọ oyè náà yẹ ní gbígbọ́: Real-Time Interactive Simulation, èyí tí a lè túmọ̀ sí fífi ẹ̀rọ farawé ohun gidi, lọ́nà tí yóò máa dá ènìyàn lóhùn lójú ẹsẹ̀. Kò sí “eré” nínú rẹ̀. Èmi rò pé àwọn náà mọ ohun tí àwọn baba yóò sọ. Bí ó ti wù kí ó rí, orúkọ náà kò parọ́. Áljẹ́brà, físíìsì, àti kíkọ ètò ní èdè C àti C++ ni akẹ́kọ̀ọ́ ń bá jẹ, tí ó ń bá sùn. Lẹ́yìn náà ni yóò darapọ̀ mọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti ṣe eré kan parí.

Ọ̀kan nínú àwọn eré bẹ́ẹ̀ ni Narbacular Drop, tí Kim Swift àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní ọdún 2005. Ọmọ-ọba obìnrin kan wà nínú túbú. Kò lè fò sókè rárá. Dípò bẹ́ẹ̀, ẹni tí ń ta eré náà yóò ṣí ilẹ̀kùn méjì sára ògiri: bí ọmọ-ọba bá gba ọ̀kan wọlé, èkejì ni yóò gbà jáde, ibi yòówù kí ó wà. Ẹni tí ó bá rò ó yóò rí i pé ìṣirò líle ni. Àwọn ará Valve, ilé-iṣẹ́ eré tí ó wà nítòsí, rí i níbi ọjọ́ ìpàtẹ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n pè wọ́n wá, wọ́n sì gbà wọ́n síṣẹ́. Láti inú èrò ilẹ̀kùn méjì yẹn ni Portal ti jáde ní ọdún 2007. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn láti ilé-ẹ̀kọ́ kan náà tún ṣe Tag ní ọdún 2009, níbi tí ọ̀dà tí a fín sílẹ̀ ti ń mú ènìyàn fò tàbí sáré. Valve gba àwọn náà, ọ̀dà wọn sì wọ inú Portal 2 ní ọdún 2011.

Kí a má gbàgbé pé orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ ni ó wà lórí ẹ̀tọ́ Narbacular Drop. Akẹ́kọ̀ọ́ kò gbé eré náà jáde lọ tà. Ohun tí ó wà lórí rẹ̀ ni ó gbé lọ.

Àwa náà mọ̀ pé ìṣirò ń bẹ nínú eré. Ní ọdún 2002, John Romein àti Henri Bal, ní Vrije Universiteit ti Amsterdam, mú awari, ìbátan ayò ọlọ́pọ́n, eré oníhò 12 àti ọmọ 48, wọ́n sì jẹ́ kí àwọn kọ̀ǹpútà gbé gbogbo ipò 889,063,398,406 tí ó lè wáyé yẹ̀ wò. Bí ọ̀ta bá pàdé ọ̀ta, tí ẹnikẹ́ni kò ṣì í ta, ọ̀mì ni.

Fún àwa tí ń lo èdè Faransé, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kan, Cnam-Enjmin, wà ní Angoulême, tí ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí ní ipele master. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba ọ̀nà ibẹ̀ lè ti parí licence rẹ̀ nílé. Ìṣirò tí wọ́n ń béèrè ní Redmond, irú rẹ̀ ni a ń kọ́ ní IMSP ní Dangbo, tí kò jìnnà sí Àjàṣẹ́.