Ta Ní Í Sùn Ti Ọmọ Ajá Lóru?

Ẹni tó bá ra ọmọ ajá ní Amẹ́ríkà lónìí, àfàìmọ̀ kó má ra kéèjì, ìyẹn àpótí tí wọ́n ń ti ajá mọ́, mọ́ ọn. Láti alẹ́ ọjọ́ kìíní ni wọ́n á ti tì í mọ́bẹ̀, kó má baà tọ̀ káàkiri ilé, kó má sì jẹ bàtà tàbí wáyà iná. Àṣà yìí ti mọ́ wọn lára débi pé èèyàn lè rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rárá.

Ní ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn ìbí Jésù, Arrian, ọmọ ìlú Nicomedia tó ṣe gómìnà lábẹ́ Hadrian, olú-ọba Róòmù, kọ ìwé lórí fífi ajá ṣọdẹ. Ó ní ibùsùn rírọ̀ tó móoru ló yẹ ajá, àmọ́ èyí tó dára jù lọ ni kó máa sùn ti èèyàn, torí ìyẹn ló ń jẹ́ kó fẹ́ràn ọmọ aráyé.

Ní 1387 ni Gaston Phébus, tó ń ṣàkóso ilẹ̀ Foix lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè Pyrenees, bẹ̀rẹ̀ ìwé ọdẹ tirẹ̀. Edward, ìjòyè York, sọ ọ́ di èdè Gẹ̀ẹ́sì láàárín 1406 sí 1413. Ẹni tó bá ka bí wọ́n ṣe ṣètò ilé ajá yóò mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn ẹran náà dénú. Bí ajá bá pọ̀, ilé wọn yóò gùn tó nǹkan bí 60 ẹsẹ̀ bàtà, yóò sì fẹ̀ tó 30. Pákó tó fi ẹsẹ̀ bàtà kan ga kúrò nílẹ̀ ni wọ́n ń sùn lé, koríko gbígbẹ ni wọ́n ń tẹ́ sórí rẹ̀. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kì í tì: pápá tí oòrùn ń ràn sí ló ṣí sí, kí ajá lè jáde nígbà tó bá wù ú.

Ọmọdé kan sì wà níbẹ̀. Láti nǹkan bí ọmọ ọdún méje ni wọ́n ti ń mú un wọṣẹ́. Ó gbọ́dọ̀ mọ orúkọ ajá kọ̀ọ̀kan àti àwọ̀ rẹ̀, bó ti wù kí wọ́n pọ̀ tó. Bí ilẹ̀ bá ṣú, kò ní lọ sùn sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn ajá ni yóò wà mọ́jú, kó lè là wọ́n bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀.

Àpótí ajá ní tirẹ̀, ọ̀nà ìrìn-àjò ló bá wọlé. Lẹ́yìn ìfihàn ajá tó wáyé ní Newcastle, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1859, ajá ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí irú ìfihàn bẹ́ẹ̀ láti ìlú dé ìlú nínú apẹ̀rẹ̀ àti àpótí. Ìdajì kejì ọ̀rúndún ogún ni kéèjì tó di ibùsùn nínú ilé àwọn ará Amẹ́ríkà.

Ní Bar Harbor, ní ìpínlẹ̀ Maine, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì John Paul Scott àti John Fuller fi ọ̀pọ̀ ọdún wo bí ọmọ ajá ṣe ń dàgbà, wọ́n sì tẹ ìwé wọn jáde ní 1965. Wọ́n rí i pé láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọmọ ajá ti ń kúrò níbi tó sùn sí kó tó tọ̀. Orí èyí ni àwọn olùkọ́ni kéèjì dúró lé: ajá kì í fẹ́ ba ibùsùn ara rẹ̀ jẹ́. Òótọ́ ni. Àmọ́ ìwádìí ibẹ̀ kan náà fi hàn pé ọmọ ajá tí wọ́n dá fi síbi àjèjì máa ń ké kíkankíkan, apá yìí sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn fò dá.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń dunni. Ọmọ ajá oṣù méjì kò lè pa ìtọ̀ mọ́ra dilẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá tì í mọ́ kéèjì nílé ìdáná, tí wọ́n paná, tí gbogbo ilé lọ sùn, yóò ké títí, yóò sì tọ̀ síbi tó dùbúlẹ̀ sí. Wọ́n mú àpótí, wọ́n gbàgbé ọmọdé.

Àwọn mọ́ǹkì New Skete ní ìpínlẹ̀ New York, tí wọ́n ń sin ajá German shepherd, kọ ìwé lórí títọ́ ajá ní 1978. Yàrá olówó ajá ni wọ́n ní kí ajá máa sùn. Ní Sweden àti Finland, òfin ti dá sí i: kéèjì wà fún ìrìn-àjò àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ibùgbé ajá nínú ilé. Ẹni tó bá mú ọmọ ajá wálé níbẹ̀ ní láti wá ọ̀nà mìíràn kọ́ ọ, títí kan dídìde lóru láti mú un jáde.