Ihò Eléérú àti Ohun Tí Wọ́n Wú Lábẹ́ Àpáta

Nítòsí Ìsarun, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́, àpáta kan wà tí ó yọrí síwájú bí òrùlé. Ihò Eléérú ni orúkọ rẹ̀, eérú tí ó wà nílẹ̀ ibẹ̀ ni orúkọ náà sì tọ́ka sí. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw ti Yunifásítì Ìbàdàn lọ wa ilẹ̀ níbẹ̀ ní 1965, Iwo Eleru ni ó wọ inú ìwé. Ihò di ìwo, bí ẹni pé ẹran ni ó ni ín, orúkọ yìí ni ayé sì fi mọ ibẹ̀.

Ohun èlò òkúta tí wọ́n kó jáde lé ní 500,000. Ìròyìn kíkún, tí Shaw àti S. G. H. Daniels kọ, kò jáde títí di 1984. Nísàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n ti bá egungun ènìyàn kan. Ní 2011, Katerina Harvati, Chris Stringer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tún agbárí rẹ̀ yẹ̀ wò: ọjọ́ orí rẹ̀ wà láàárín nǹkan bí 11,700 sí 16,300 ọdún, ṣùgbọ́n ó gùn, ó sì rẹlẹ̀, bí ti àwọn ènìyàn tí ó ti gbé ayé tipẹ́tipẹ́ ṣáájú rẹ̀.

Àwọn kan ti ń pe ẹni yìí ní Yorùbá àkọ́kọ́. Ẹ̀rí kò gbè wọ́n. Agbárí kì í sọ èdè tí olówó rẹ̀ sọ, ìtàn Ilé-Ifẹ̀ kò sì nílò irú àtìlẹ́yìn bẹ́ẹ̀.

Ìpele òkè ni ó súnmọ́ àwọn oníṣẹ̀ṣe jù. Ibẹ̀ ni ìkòkò amọ̀ àti àáké òkúta tí a fi ọwọ́ lọ̀ ti yọjú. Bí àgbẹ̀ bá hú irú àáké bẹ́ẹ̀ lóko, ẹdùn àrá ni yóò pè é, ojúbọ Ṣàngó ni yóò sì gbé e lọ. Olùwádìí rí ọwọ́ ènìyàn lára rẹ̀, olùbọ rí ọwọ́ òrìṣà. Bí kì í bá ṣe ti ojúbọ, mélòó nínú wọn ni ì bá kù?

Ìwádìí tuntun tí Jacopo Cerasoni, Eleanor Scerri àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, títí kan onímọ̀ láti Ìbàdàn, gbé jáde ní 2023 fi hàn pé igbó kò kúrò ní sàkáání àpáta náà ní gbogbo ìgbà tí ènìyàn fi ń gbé ibẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀dàn gba ilẹ̀ lọ́wọ́ igbó níbòmíràn. Ọmọ igbó ni wọ́n, kì í ṣe ìsáǹsá ọ̀dàn. Ìwé kan náà ni ó dá ihò padà sínú orúkọ. Àlejò tí ó bá fẹ́ kà nípa ibẹ̀ nínú àwọn ìwé àtijọ́ ṣì ní láti wá a sábẹ́ Iwo Eleru.