Ọjọ́rú, Ọjọ́ 18 Oṣù Kìíní

Aago 12:00 òru, Washington. Ojú ìwé náà kọ́kọ́ ṣí bó ṣe máa ń ṣí. Lẹ́tà dúdú lórí funfun, àwòrán lápá ọ̀tún, orúkọ àwọn abala lápá òsì. Kí ojú tó ka ìlà àkọ́kọ́ tán, dúdú bò ó. Ìpínrọ̀ kúkúrú kan ló kù, pẹ̀lú òjìji lẹ́tà W kan tó nà gbọọrọ. Lábẹ́ ìpínrọ̀ náà, àpótí kékeré kan wà. Ẹni tó bá wà ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe é fún. Nọ́ńbà márùn-ún ló ń béèrè, nọ́ńbà tí ilé ìfìwéránṣẹ́ fi mọ àdúgbò ẹni.

Kò béèrè owó. Kò béèrè orúkọ. Nọ́ńbà márùn-ún yẹn nìkan ni.

Ọdún 2012 ni. Wikipedia èdè Gẹ̀ẹ́sì pé ọmọ ọdún 11 ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Láti 2001 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ òǹkàwé rí. Àwọn tó ń kọ ọ́, tó ń tún un ṣe, tí ẹnikẹ́ni kò sanwó fún, ni wọ́n jọ jíròrò bóyá kí wọ́n tì í láti fi tako àbádòfin méjì níwájú àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà. Wọ́n lé ní 1,800. Lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ 16, Sue Gardner, olùdarí àjọ tó ń bójú tó o, kéde ohun tí wọ́n fẹnu kò sí. Jimmy Wales tó wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n tètè ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá wọn. Ó dún bí ẹ̀fẹ̀.

Aago 6:00 àárọ̀ ni l'Ékòó ní ìṣẹ́jú kan náà. Ọjọ́ Ajé ni ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ dá ìyanṣẹ́lódì owó epo dúró. Lítà kan ti di náírà 97. Ẹni tó bá ṣí Wikipedia èdè Gẹ̀ẹ́sì lórí kọ̀ǹpútà l'Ékòó láàárọ̀ yìí, dúdú kan náà ló bá pàdé. Kò sí sẹ́nétọ̀ Amẹ́ríkà kankan tí ará Èkó fẹ́ pè. Ó kàn máa pa á dé ni, kó bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Òru náà ń lọ. Àwọn tí ojú wọn là ti rí i pé bí èèyàn bá yára dá ojú ìwé náà dúró kí dúdú tó dé, yóò rí ọ̀rọ̀ kà. Ti orí fóònù ṣì ṣí. Àwọn tó ti ilẹ̀kùn mọ̀ pé fèrèsé wà ní ṣíṣí. Wọ́n tún dìídì fi ojú ìwé méjì sílẹ̀ láìbò. Orúkọ kúkúrú àbádòfin tí wọ́n dá lé jọra: lẹ́tà mẹ́rin mẹ́rin, P àti A ló parí méjèèjì.

Ilẹ̀ mọ́. Ní Google ti Amẹ́ríkà, wọ́n da dúdú bo orúkọ ilé iṣẹ́ náà, bí ẹni fi èédú pa pátákó ìtajà rẹ̀ rẹ́. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ bá ìwé ẹ̀bẹ̀ kan pàdé, àyè ìfọwọ́sí sì wà nísàlẹ̀. Ìwé ìròyìn Wired fi ìlà dúdú bo ọ̀rọ̀ ojú ewé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní Craigslist, tí wọ́n ti ń wá ilé àti àga àlòkù, ojú ewé dúdú ló kọ́kọ́ ń yọ kí oníbàárà tó ráyè wọlé.

Aago 8:00 àárọ̀. Reddit, ìkànnì ìjíròrò, ti ilẹ̀kùn. Wákàtí 12 ni wọ́n ní àwọn máa fi tì í.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ gbóná, oṣù kan sẹ́yìn. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá, ọdún 2011, oníbàárà kan kọ ọ́ sí Reddit pé orúkọ ìkànnì 51 ni òun ní lọ́dọ̀ GoDaddy, òun sì fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ kúrò. Ó dá ọjọ́ kan: ọjọ́ 29, kí gbogbo ẹni tọ́rọ̀ bá dùn kó ẹrù wọn lọ́jọ́ kan náà. Ilé iṣẹ́ ńlá tó ń ta orúkọ ìkànnì ni GoDaddy, ní Arizona. Orúkọ tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ nígbà náà lé ní mílíọ̀nù 50. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé wọ́n rí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé kan tí ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin gbé jáde, ìwé tó to orúkọ àwọn alátìlẹ́yìn ọ̀kan nínú àbádòfin méjèèjì.

Kíkó orúkọ ìkànnì kì í ṣe iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan. Àgádágodo kan wà lórí orúkọ náà tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣí. Kóòdù àṣírí kan wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbà lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ń fi sílẹ̀, kí wọ́n tó gbé e fún ẹni tí wọ́n ń lọ bá. Ímeèlì wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ dáhùn. Lẹ́yìn náà, ọjọ́ bíi márùn-ún lè kọjá. Ẹni tó bá ní orúkọ 51 yóò gba kóòdù 51. Ìbínú kékeré kò lè gbé èèyàn dé ìdí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Èsì àkọ́kọ́ tí GoDaddy fọ̀ ni pé ímeèlì díẹ̀ ti dé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tíì kan òwò òun. Ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 23, mọ́. Ben Huh tó ń darí ìkànnì ẹ̀fẹ̀ Cheezburger ti ní òun máa kó orúkọ tó lé ní 1,000. Jimmy Wales ní ti Wikipedia náà ń bọ̀ wá kúrò. Kí ọjọ́ náà tó parí, Warren Adelman, ọ̀gá àgbà GoDaddy, ti kéde pé ilé iṣẹ́ òun kò ṣe alátìlẹ́yìn mọ́. Orúkọ tó jáde lọ́jọ́ Ẹtì yẹn lé ní 21,000. Àwọn ìwé ìròyìn gbé iye yìí káàkiri. Ìdajì ìròyìn ni: orúkọ mìíràn ń wọlé sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ náà lọ́jọ́ kan náà. Bí kò bá tilẹ̀ sí èyí tó wọlé, kí ni 21,000 nínú mílíọ̀nù 50? Ẹ̀kún ṣíbí kan nínú àgbá omi. Lójú tèmi, iye tó jáde kọ́ ló dẹ́rù ba ọlọ́jà. Bó ṣe jẹ́ pé ọjọ́ ti wà nílẹ̀, tí gbogbo ayé sì mọ̀ ọ́n, ni. Nígbà tí ọjọ́ 29 yóò fi pé, GoDaddy ti sọ ọ́ ní gbangba pé òun tako àbádòfin náà. Namecheap, alábàádíje rẹ̀, ń fún àjọ EFF tó ń jà fún ẹ̀tọ́ lórí ayélujára lówó lórí orúkọ kọ̀ọ̀kan tó bá wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ṣe rere, ó sì rí oníbàárà. Méjèèjì lè wà nínú àpò kan.

Oníbàárà ló kúrò lọ́jà nínú oṣù Kejìlá. Ní òwúrọ̀ yìí, àwọn ọlọ́jà ló pa ìsọ̀ dé.

Aago 9:00 àárọ̀. Àwọn ọ́fíìsì ṣí ní Washington. Àwọn sẹ́nétọ̀ kò tíì padà sí ìjókòó; ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni. Àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn ló wà nídìí tẹlifóònù. Ó dún. Wọ́n gbé e. Kí wọ́n tó gbé e sílẹ̀, òmíràn ti ń dún. Ní òdìkejì, ẹni tó fi nọ́ńbà márùn-ún rẹ̀ sínú àpótí dúdú ti rí orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ẹni tó ń ṣojú fún un. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò pe ọmọ ilé aṣòfin rí láyé wọn. Wọ́n pè, wọ́n bá a pé ọwọ́ dí. Wọ́n lọ sí ìkànnì sẹ́nétọ̀ láti kọ̀wé, ìkànnì náà kò ṣí, tàbí kó máa yí, kó máa yí. Àwọn tó pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ti ju agbára rẹ̀ lọ.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, Marco Rubio ti Florida kọ ọ̀rọ̀ sórí Facebook. Orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn tó fọwọ́ sí àbádòfin tó wà nílé aṣòfin àgbà. Ó yọ ọ́. John Boozman ti Arkansas yọ tirẹ̀. Roy Blunt ti Missouri yọ tirẹ̀. Nígbà tó tún yá, Orrin Hatch ti Utah, tó ti wà nílé náà láti 1977, yọ tirẹ̀.

Aago 12:30 ọ̀sán, New York. Nọ́ńbà 780, òpópónà Third Avenue. Ọ́fíìsì sẹ́nétọ̀ méjèèjì tí ìpínlẹ̀ náà ní wà ládùúgbò yìí, Chuck Schumer àti Kirsten Gillibrand. Àwọn méjèèjì fọwọ́ sí àbádòfin náà. Ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ èèyàn dúró síta nínú òtútù. Àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun ni púpọ̀ nínú wọn, tí wọn kì í ṣe èrò ìwọ́de. Wọ́n gbé pátákó dání bí ẹni tí kò mọ ibi tó yẹ kó fọwọ́ mú un.

Ọ̀sán yẹn kan náà ni Mark Zuckerberg kọ ọ̀rọ̀ sórí Twitter. Kò kọ nǹkan kan síbẹ̀ láti 2009. Ó ní kí àwọn èèyàn bá aṣòfin wọn sọ̀rọ̀. Facebook tirẹ̀ kò ti ilẹ̀kùn o, kò sì pa iná kankan. Twitter náà kò tì.

Aago 4:00 ìrọ̀lẹ́. Twitter ka ọ̀rọ̀ tó ti gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá lórí ọ̀ràn náà láti ọ̀gànjọ́ òru. Mílíọ̀nù 2.4.

Ẹgbẹ́ kejì kò dákẹ́. Chris Dodd ti ṣe sẹ́nétọ̀ fún ọdún 30; òun ló wá ń darí ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ fíìmù ńláńlá Hollywood. Láti àná ló ti ń sọ pé àwọn onílé iṣẹ́ wọ̀nyí ń ṣi agbára lò, pé wọ́n ń fi oníbàárà wọn jà. Ẹjọ́ rẹ̀ kì í ṣe òfo. Ẹni tó bá ti rí fíìmù Yorùbá tuntun lọ́wọ́ ọmọ tó ń sáré láàárín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, nígbà tí ẹni tó ṣe é kò tíì rí owó rẹ̀ gbà padà, mọ ohun tó ń dun àwọn Hollywood. Olè ń jà wọ́n lóòótọ́. Irú àdá tí wọ́n fẹ́ kí ìjọba gbé lé wọn lọ́wọ́ ni wàhálà.

Kí aago 6:00 tó lù, ilẹ̀ ti ṣú ní Washington. Orúkọ àdá náà ni SOPA nílé aṣojú, PIPA nílé aṣòfin àgbà. Patrick Leahy ti Vermont gbé PIPA wá nínú oṣù Karùn-ún 2011. Lamar Smith ti Texas gbé SOPA wá nínú oṣù Kẹwàá. Bí wọ́n bá fẹ̀sùn kan ìkànnì ilẹ̀ òkèèrè pé ó ń pín iṣẹ́ oníṣẹ́ láìgbàṣẹ, agbẹjọ́rò àgbà ìjọba lè gba ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́. Pẹ̀lú ìwé náà, àwọn tó ń wá nǹkan lórí ayélujára kò ní rí i mọ́. Àwọn tó ń san owó ìpolówó á dá tirẹ̀ dúró. Àwọn tó ń bá a gba owó kò ní gbà á mọ́. Bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ kọ ọ́, orúkọ ìkànnì náà gan-an kò ní í ṣí fún ará Amẹ́ríkà: èèyàn á tẹ̀ ẹ́, kò ní débì kankan. Nígbà tí ariwo pọ̀, Leahy àti Smith ní àwọn máa fa ẹ̀ka yẹn yọ. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Ọjọ́rú yìí ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Ìdìbò àkọ́kọ́ lórí PIPA ti wà nílẹ̀ fún ọjọ́ 24.

Aago 8:00 alẹ́. Reddit ṣí. Àwọn èèyàn wọlé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹni tó yí padà àti ẹni tí kò yí.

Aago 12:00 òru. Wikipedia ká dúdú kúrò. Lẹ́tà dúdú padà sórí funfun, àwòrán padà sápá ọ̀tún.

Wọ́n kà á. Ìgbà tí wọ́n ṣí ojú ewé dúdú náà lé ní mílíọ̀nù 162. Àwọn tó fi nọ́ńbà márùn-ún wá aṣòfin wọn lé ní mílíọ̀nù 8. Google ní àwọn tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ òun lé ní mílíọ̀nù 7. Ilé iṣẹ́ ìròyìn ProPublica tó ń ka àwọn aṣòfin lọ́kọ̀ọ̀kan ní, kí ilẹ̀ Ọjọ́rú tó mọ́, 80 ló wà lẹ́yìn àbádòfin méjèèjì, 31 ló tako wọ́n. Nígbà tí ọjọ́ náà parí, 65 ló kù lẹ́yìn wọn. Àwọn tó tako wọ́n ti di 101.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 19. Ìjọba Amẹ́ríkà ti Megaupload, ìkànnì tí wọ́n ti ń pín fáìlì, pa, ó sì fi ẹ̀sùn jíjí iṣẹ́ oníṣẹ́ pín kan àwọn tó ni ín. Òfin tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n lò.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 20. Harry Reid, olórí ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù nílé aṣòfin àgbà, sún ìdìbò PIPA síwájú. Lamar Smith dá SOPA dúró lọ́jọ́ kan náà. Kò sí ẹni tó dá ọjọ́ mìíràn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 24, kò sí ẹni tó dìbò.