Lẹ́yìn Tí Ohùn Bá Ti Di Ìwé: Ìtàn Bí A Ṣe Kọ́ Láti Túpalẹ̀ Ọ̀rọ̀ Ẹnu Nínú Ìwádìí

Ẹni tó fẹ́ mọ iye ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ìlú kan yóò kà wọ́n. Ẹni tó fẹ́ mọ ìdí tí ìyá kan fi gbé ọmọ tirẹ̀ pa mọ́ sílé kò rí nǹkan kà. Àfi kó jókòó ti ìyá náà, kó bi í léèrè, kó sì fara balẹ̀ gbọ́ tẹnu rẹ̀. Gbígba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kò le. Fóònù ọwọ́ wa pàápàá ń ṣe é. Ọjọ́ tí olùwádìí bá padà délé, tó da gbogbo ohùn náà kọ, tí ọ̀rọ̀ ogójì ènìyàn sì di òkìtì ìwé níwájú rẹ̀, ọjọ́ náà ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kí ni yóò mú, kí ni yóò fi sílẹ̀? Báwo ni ẹlòmíràn yóò ṣe gbà pé kì í ṣe ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló lọ ṣà jọ? Ó ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tí àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ ti ń bá ìbéèrè méjì yìí jà.

Ìlú Chicago ló yẹ kí ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. William Thomas, olùkọ́ ní yunifásítì ìlú náà, fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Poland tí wọ́n ń rọ́ wọ Amẹ́ríkà. Ó polówó nínú ìwé ìròyìn tí wọ́n ń fi èdè wọn tẹ̀ pé òun yóò ra lẹ́tà tí àwọn ará ilé ń kọ sí wọn, sẹ́ǹtì 10 sí 20 lórí lẹ́tà kan. Florian Znaniecki, ọmọ Poland tó ti kàwé nínú ìmọ̀ fìlọ́sọ́fì, ni wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Ìwé wọn, The Polish Peasant in Europe and America, jáde ní ìdìpọ̀ márùn-ún láàárín 1918 sí 1920.

Wọ́n rí ohun kan nínú àwọn lẹ́tà náà tí kò ní ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Ìyìn Jésù Kristi ni lẹ́tà máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Yóò sọ pé ara àwọn le, pé àwọn sì ń gbàdúrà kí ara tiyín náà le. Lẹ́yìn náà ni ìkíni yóò máa rọ́ tẹ̀lé ara wọn: bàbá kí ọ, ìyá kí ọ, ẹ̀gbọ́n kí ọ, aládùúgbò kí ọ. Ẹni tó ń wá ìròyìn ì bá fo gbogbo rẹ̀ kọjá. Thomas àti Znaniecki kò fò ó. Wọ́n ní ìkíni yẹn gan-an ni iṣẹ́ tí lẹ́tà náà wá jẹ́: ó ń sọ fún ẹbí pé ẹni tó kọjá sí òkè òkun ṣì jẹ́ ara wọn. Ojú tó rí ìyẹn kì í ṣe ojú lásán, èmi ò sì tíì rí ibi tí ẹ̀kọ́ náà ti di ògbólógbòó: bí ènìyàn ṣe sọ ọ̀rọ̀ jẹ́ ara ohun tó sọ.

Àmọ́ wọn kò fi ọ̀nà tí wọ́n gbà débẹ̀ hàn. Ní 1939, Herbert Blumer tẹ àyẹ̀wò kan jáde lórí ìwé náà. Ó fi hàn pé lẹ́tà wọ̀nyẹn mú àlàyé àwọn òǹkọ̀wé yé ènìyàn, ṣùgbọ́n wọn kò lè fi múlẹ̀ pé àlàyé náà tọ̀nà tàbí pé kò tọ̀nà. Ọ̀rọ̀ yẹn dun àwọn tó fẹ́ràn irú ìwádìí yìí, òótọ́ sì ni.

Znaniecki ti ń wá ọ̀nà àbáyọ kí Blumer tó sọ̀rọ̀. Nínú ìwé rẹ̀ ti 1934, The Method of Sociology, ó ní kí olùwádìí mú ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan, kó wò ó bóyá ó bá àlàyé òun mu. Bí ẹyọ kan ṣoṣo bá tako àlàyé náà, kí ó tún un ṣe. Donald Cressey ló fi ọ̀nà yìí ṣe iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù. Ó lọ bá àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n ti jẹ owó tí a fi sí ìkáwọ́ wọn. Ìgbàkígbà tí ìtàn ẹlẹ́wọ̀n kan bá yẹ àlàyé rẹ̀ nídìí, yóò pa á tì, yóò sì wá òmíràn. Ibi tó gúnlẹ̀ sí nínú Other People's Money, ní 1953, ni pé nǹkan mẹ́ta máa ń pàdé: ẹni náà ní ìṣòro owó tí kò lè fi lọ ẹnikẹ́ni, ó rí i pé ipò òun lè bá òun yanjú rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, ó sì ti rí ọ̀rọ̀ tí yóò fi tu ara rẹ̀ nínú, pé òun kàn yá owó náà ni. Kò sí bí a ṣe lè ti inú kíkà mú ẹ̀kẹta yẹn jáde.

Síbẹ̀, kíkà ló lágbára nígbà náà. Ní 1952 ni Bernard Berelson tẹ ìwé rẹ̀ jáde lórí bí a ṣe lè ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan jẹ yọ nínú ìwé ìròyìn tàbí lórí rédíò. Ọdún yẹn kan náà ni Siegfried Kracauer, ọmọ Jámánì tó sá fún ìjọba Hitler, dá irú ìṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́jọ́, pé ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ máa ń pàdánù ohun tí odindi ọ̀rọ̀ ń sọ.

Ilé ìwòsàn ni ìyípadà ńlá ti wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Anselm Strauss wà ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ti Yunifásítì California ní San Francisco. Chicago ló ti kẹ́kọ̀ọ́. Ó pe Barney Glaser mọ́ra, ẹni tó ti Yunifásítì Columbia wá, níbi tí Paul Lazarsfeld ti ń kọ́ wọn ní ìṣirò. Nọ́ọ̀sì kan, Jeanne Quint, sì bá wọn ṣe é. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bí a ṣe ń tọ́jú ẹni tó ń kú lọ. Láyé ìgbà yẹn ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ dókítà kì í sọ fún aláìsàn pé àìsàn rẹ̀ kò ní ìwòsàn. Àwọn olùwádìí náà ń dúró ní wọ́ọ̀dù, wọ́n ń wò, wọ́n ń gbọ́, wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìwé Awareness of Dying jáde ní 1965, ó sì sọ nípa ipò mẹ́rin. Nígbà mìíràn, gbogbo ènìyàn ló mọ̀ àyàfi aláìsàn. Nígbà mìíràn, aláìsàn ti fura, ó ń fi ọgbọ́n tọ́ àwọn nọ́ọ̀sì lẹ́nu wò. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, aláìsàn mọ̀, nọ́ọ̀sì mọ̀, oníkálukú sì ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀: wọ́n ń sọ̀rọ̀ oúnjẹ, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ọmọ, wọn kì í dárúkọ ikú. Ìkẹrin ni ibi tí gbogbo wọn ti mọ̀ tí wọ́n sì ń sọ ọ́. Ẹni tó bá ti jókòó ti ẹbí rẹ̀ níbi ibùsùn ilé ìwòsàn yóò mọ ipò kẹta yẹn dáadáa.

Bí wọ́n ṣe rí i ṣe pàtàkì ju ohun tí wọ́n rí lọ. Wọn kò mú àlàyé kankan lọ sí wọ́ọ̀dù. Wọ́n lọ sí ibi tí ọmọ tí oṣù wọn kò pé wà, nítorí pé aláìsàn ibẹ̀ kò lè mọ̀ pé òun ń kú. Nígbà tó yá, wọ́n lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn alárùn jẹjẹrẹ, níbi tí ikú ti ń rọra bọ̀. Ohun tí wọ́n rí lónìí ló ń sọ ibi tí wọn yóò lọ lọ́la. Ní 1967 ni wọ́n wá kọ ọgbọ́n náà sílẹ̀ nínú The Discovery of Grounded Theory. Olùwádìí yóò ka ìwé tó kọ, yóò fún ohun kọ̀ọ̀kan tó bá pàdé ní orúkọ, èyí tí à ń pè ní kóòdù. Yóò máa fi ti òní wé ti àná, yóò máa kọ èrò ọkàn rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, yóò sì dúró nígbà tí ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn kò bá mú nǹkan tuntun wá mọ́. Ṣáájú wọn, àwọn ọ̀gá ló ń ronú tíọ́rì, ìyẹn àlàyé ìdí tí nǹkan fi ń ṣẹlẹ̀, ọmọ ẹ̀yìn wọn á sì lọ wá ẹ̀rí rẹ̀. Glaser àti Strauss sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ pàápàá lè hú tíọ́rì jáde láti inú ọ̀rọ̀ tó gbọ́.

Ọ̀rẹ́ méjèèjì padà tako ara wọn. Strauss àti Juliet Corbin tẹ Basics of Qualitative Research jáde ní 1990, ìwé tó to ìgbésẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Inú bí Glaser. Ní 1992 ó kọ odindi ìwé láti sọ pé wọ́n ń fipá mú ọ̀rọ̀ wọ inú àpótí tí wọ́n ti kàn sílẹ̀. Kathy Charmaz, tó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì, wá sọ ní 2006 pé olùwádìí kì í rí tíọ́rì he bí ẹni rí ẹyọ owó he. Òun àti ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ ni wọ́n jọ mọ ọ́n. Mo fara mọ́ tirẹ̀.

Àwọn ọ̀nà mìíràn pọ̀. Harvey Sacks fetí sí tẹlifóònù ibùdó kan ní Los Angeles tó ń gba àwọn tó fẹ́ pa ara wọn sílẹ̀. Ó ṣàkíyèsí pé ẹni tí kò fẹ́ dárúkọ lè dá oníṣẹ́ ibùdó náà lóhùn pé òun kò gbọ́ ohun tó sọ, kí àyè orúkọ lè kọjá. Láti inú irú àkíyèsí bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ ìtúpalẹ̀ ìtàkùrọ̀sọ ti jáde. Ní London, Jane Ritchie àti Liz Spencer tẹ àlàyé ọ̀nà Framework jáde ní 1994, tó ń to ọ̀rọ̀ sínú àtẹ. Kọ̀ǹpútà ti dé kí ìyẹn tó dé: Lyn àti Tom Richards ní Melbourne ṣe ètò kọ̀ǹpútà NUD*IST, èyí tó bí NVivo. Kọ̀ǹpútà ń bá ni tọ́jú kóòdù ni o. Kò bá ẹnikẹ́ni ronú.

Ọdún 2006 mú ìwé kéékèèké méjì wá tí akẹ́kọ̀ọ́ wa kì í fò. Ọ̀kan ni ti Virginia Braun àti Victoria Clarke, tó pín wíwá kókó inú ọ̀rọ̀ sí ìpele mẹ́fà. Èkejì ni ti Greg Guest, Arwen Bunce àti Laura Johnson, tí wọ́n bi ara wọn léèrè pé ènìyàn mélòó ló tó láti fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Wọ́n dáhùn pé láàárín ènìyàn 12 àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ tuntun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Káàkiri àgbáyé ni wọ́n ti ń tọ́ka sí 12 yìí. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò kíyè sí ni pé ẹnu obìnrin 60 ní orílẹ̀-èdè Gánà àti Nàìjíríà ni ó ti wá.

Ìyẹn mú mi dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá. Ní Yunifásítì Ifẹ̀, ní àwọn ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n J. Olubi Sodipo àti Barry Hallen, ọmọ Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí mo rò pé ó yẹ kó wà nínú gbogbo ìwé ẹ̀kọ́ ọgbọ́n ìwádìí. Wọ́n jókòó ti àwọn oníṣègùn ní Èkìtì, wọ́n bi wọ́n léèrè ohun tí “mọ̀” jẹ́ àti ohun tí “gbàgbọ́” jẹ́. Àwọn àgbà náà là á yé wọn pé ohun tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí, tó sì dá a lójú, ni ó mọ̀. Ohun tí a sọ fún un, tó gbà, tó sì gbọ́, ni ó gbàgbọ́. Lójú wọn, ọ̀pọ̀ ohun tí Òyìnbó ń pè ní ìmọ̀, títí kan ohun tí a kà nínú ìwé, wà lábẹ́ ìgbàgbọ́. Wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 1986, nínú Knowledge, Belief and Witchcraft, níbi tí wọ́n tún ti fi hàn pé “àjẹ́” Yorùbá kì í ṣe “witch” Òyìnbó.

Ẹ wá wo bí a ti ń ṣe lónìí. A ó fi Yorùbá fọ̀rọ̀ wá ènìyàn lẹ́nu wò, a ó tú u sí Gẹ̀ẹ́sì lójú ẹsẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì la ó sì fi kóòdù sí. Ìyá kan á ní ibà ló ń ṣe ọmọ òun, pé oòrùn ló pa á. A ó kọ “malaria” sílẹ̀, a ó sì fi kóòdù sí i pé ìyá náà kò mọ ohun tó ń fa malaria. Ìyá náà kò sọ̀rọ̀ malaria rárá! Ibà ló sọ, ibà sì gbòòrò ju àrùn ẹ̀fọn nìkan lọ. Ìyá abẹ́rẹ́ àjẹsára náà ńkọ́? Bó bá ní òun gbàgbọ́ pé abẹ́rẹ́ dára, tí a sì kọ pé ó mọ̀ pé ó dára, a ti pa ohun kan rẹ́. Ó ń sọ fún wa pé wọ́n sọ fún òun ni, òun kò tíì rí i. Ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì nìkan kò ní tó irú ìyá bẹ́ẹ̀. Ọmọ aládùúgbò tó gbà á tó sì yè ló yẹ kó rí. Glaser àti Strauss fúnra wọn gbà pé kóòdù tó dára jù lè jẹ́ ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu onísọ̀rọ̀ jáde. Èéṣe tí a fi ń kọ́kọ́ pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́?

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń kó ọ̀rọ̀ jọ ní Ìbàdàn, ní Àkúrẹ́, ní Kétu, mo bẹ̀ yín: Yorùbá ni kí ẹ dà á kọ, Yorùbá ni kí ẹ fi kóòdù sí, kí ẹ tó tú èyí tí ẹ fẹ́ lò. Ẹ fi àmì ohùn sí i bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí bí ẹ bá kọ “ibà” lọ́nà méjì, kọ̀ǹpútà lè kà wọ́n sí ọ̀rọ̀ méjì. Ẹ̀yin olùkọ́ wọn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Yorùbá náà wà lẹ́yìn ìwé tí wọ́n bá kọ, kí ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn lè tún un kà.